Lẹ́tà Mẹ́fà Tí Ọládiípọ̀ Kọ

Ọdún 1957 ni Ọládiípọ̀ ti òkè òkun dé sí Ìfọ́n pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé lórí àrùn tó ń pa igi kòkó. Oyè ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ ló kù. Ibùdó ìwádìí ló fẹ́, níbi tí yóò ti parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó sì lè gba irú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn ará ilé ní kó lọ máa kọ́ ọmọ níléèwé. Ó fàáké kọ́rí.

Ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ìlọ́bù ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wà, Gàfárù sì ni akọ̀wé ibẹ̀, ọmọ ẹni tó bá Baba Adéjọbí, bàbá Ọládiípọ̀, ṣẹjọ́ ilẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ọládiípọ̀ fẹ́ mú lẹ́tà náà lọ fúnra rẹ̀. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi kò ní lọ dọ̀bálẹ̀ fún ará Ìlọ́bù níṣojú ẹ̀mí mi. Èmi ni n ó lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọládiípọ̀ lára. Bàbá tó ti búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ Ìlọ́bù mọ́ wọ agbádá, ó fi lẹ́tà sápò, ó lọ. Iyán tí wọ́n gún kò tíì tutù tó fi padà dé. Òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀, síbẹ̀ bàtà rẹ̀ mọ́. Ọládiípọ̀ rò pé bàbá òun kò fẹ́ kí ọ̀tá rí òun nínú ìdọ̀tí ni.

Lẹ́tà di mẹ́fà, bàbá ló mú gbogbo wọn lọ, èsì kò dé. Wọ́n tún fi iṣẹ́ tíṣà lọ̀ ọ́. Ó ní kí ẹni tó bá ti rẹ̀ jókòó, kò tíì rẹ òun. Inú ń bí i gan-an. Ta ni yóò gbé lẹ́tà rẹ̀ pamọ́ bí kò ṣe Gàfárù?

Lọ́jọ́ kan tí bàbá lọ sóko, ó gun kẹ̀kẹ́ dé Ìlọ́bù. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Lẹ́tà mi dà?"

Gàfárù, tó dàgbà jù ú lọ, ní ohunkóhun kò dé lórúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, Ọládiípọ̀ kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó ní ẹni tí bàbá rẹ̀ bá jí ilẹ̀, òun náà á jí ìwé. Gàfárù ti bébà sí i níwájú.

"Kọ òmíràn, kí o dúró wò ó títí ọkọ̀ yóò fi gbé e."

Ó kọ ọ́, ó sì dúró.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Gàfárù fúnra rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ wá sí Ìfọ́n, ó na èsì sí i. Ibùdó ìwádìí ti gbà á, kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó kù díẹ̀ kí Ọládiípọ̀ dúpẹ́, ó bá rántí lẹ́tà mẹ́fà, ó gba ìwé náà, ó sì wọlé lọ. Ẹni tó jí mẹ́fà tó dá ẹyọ kan padà, olè náà ni.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fẹ́ gun àjà lọ gbé àpótí rẹ̀. Bàbá dìde, ó ní kó jẹ́ kí òun gùn ún. Ọládiípọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà kì í gun àjà nígbà tí ọmọ wà nílé, ó sì gùn ún.

Lábẹ́ àpótí náà, ó bá lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n tò tẹ̀léra bó ṣe kọ wọ́n, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wọn, òǹtẹ̀ kò sì kan sítáǹpù wọn.