Iná Ìsàlẹ̀ Àtẹ̀gùn Ilé Ẹjọ́

Èmi ò mọ̀wé, n ò sì mọ ohun tí Ọlọ́run ń rò. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ní Párísì níbí, ìwé tí tẹ̀tù bá dáná sun ni gbogbo ìlú máa ń wá kà.

Anselme Couvrat náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ ìwé tirẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọlọ́run dá ayé, ó fi làákàyè sí wa lórí, ó sì jókòó jẹ́jẹ́: kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, kì í gbọ́ àdúrà, kò sì rán àlùfáà kankan níṣẹ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi orúkọ ara rẹ̀ síwájú ìwé. Ti Couvrat kò gbé e dé ibì kankan. Ìwé náà nípọn bí òkúta ìdálẹ̀kùn, eṣinṣin ò bà lé e. Irinwó ẹ̀dà ló wà nínú àká Ìyá Harel, opó tó ń tàwé lẹ́bàá odò.

Brissard, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, mú ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ó fi oṣù mẹ́ta kọ ọ́, ó bu àwàdà sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ kékeré kó lè wọ àpò obìnrin. Kò pẹ́ tí ilé ẹjọ́ ńlá dá ìwé náà lẹ́bi: kí tẹ̀tù fà á ya, kó sì sun ún ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn adájọ́ ní àwọn ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Méjì nínú wọn ló pe Brissard wá jẹun ọ̀sán ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

“O ò bá mi yọ̀,” Brissard sọ fún Couvrat nílé kọfí.

“Mo ń yọ̀ nínú.”

“Inú yẹn mà jìn o.”

“Orí kẹta ìwé rẹ ńkọ́? Níbo lo ti rí i?”

“Ọ̀rẹ́ mi, ṣebí ìwọ lo kọ ọ́ pé làákàyè kan náà ni Ọlọ́run pín fún gbogbo wa? Ìpín tèmi ni mo mú jáde.” Brissard bu ṣúgà sí kọfí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Fọkàn balẹ̀, tìrẹ náà á jó.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Couvrat jẹun fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó jókòó, ó fi ọwọ́ òsì kọ lẹ́tà sí ilé ẹjọ́. Ó ní ìwé kan wà tó burú ju ti ọjọ́ Ẹtì lọ. Irinwó ẹ̀dà rẹ̀ wà lódindi nínú àká opó Harel, kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kò fi orúkọ sí i.

Perrine, ìyàwó rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó kà á.

“Ara yín lẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn yìí?”

“Ìwé mi ni.”

“Bí wọ́n bá wá gbé yín ńkọ́?”

“Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé mi ni. Ṣé Brissard nìkan ni ìlú máa mọ̀?”

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, Perrine bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

“Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?” Perrine bi í. “Ṣebí tiyín kì í gbọ́?”

“Bàtà mi ni mò ń wá.”

“Bàtà yín wà lẹ́sẹ̀ yín.”

Ní Ọjọ́rú, Ìyá Harel wọlé, ó ń mí hẹlẹ.

“Ọmọ mi, àwọn ará ilé ẹjọ́ ti wá. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan.”

“Ṣé inú ń bí wọn, Ìyá?”

“Inú kẹ̀? Wọ́n ń súfèé ni.”

“Wọ́n bèèrè ẹni tó kọ ọ́?”

“Wọn ò bèèrè.”

“Wọ́n ti mọ̀ ni,” Couvrat ní, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lóṣù náà. Ó ní kí Perrine di aṣọ ìwọ̀sùn méjì àti ìbọ̀sẹ̀ onírun fún ẹ̀wọ̀n. Ó lọ dágbére fún àwọn aládùúgbò, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sunkún.

Ní ọjọ́ Ẹtì, èrò kún iwájú ilé ẹjọ́. Brissard dúró láàárín àwọn obìnrin olówó mẹ́ta, ó ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Tẹ̀tù ka àkọlé ìwé Brissard sókè, ó fa ewé ìwé díẹ̀ ya, ó sì ń da ìdì lé ìdì sínú iná. Iná náà ga, ó sì pẹ́. Couvrat wò ó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní èéfín ni. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ fún Brissard. Tẹ̀tù nu ọwọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Couvrat tọ akọ̀wé ilé ẹjọ́ lọ.

“Ọ̀gá mi, èkejì ńkọ́? Èyí tí ẹ kó ní àká opó Harel?”

“Èwo la fẹ́ sun bí kò ṣe ìyẹn?” akọ̀wé náà dá a lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ti Brissard wà nílé àwọn adájọ́, wọn ò tíì kà á tán, ìyàwó wọn sì ń jà sí ìyókù. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ní bèèrè là ń wá, ni ẹni rere kan bá kọ lẹ́tà júwe ibẹ̀ fún wa. Ó kúkú jó dáadáa. Òmíràn tún wà tí a máa sun lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀gá mi. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí a ti lè rí díẹ̀ sí i?”