Kámẹ́rà Stergios àti Àbúrò Rẹ̀

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Stergios sọ fún Evanthia ìyàwó rẹ̀ pé òun kò ní dúró mọ́. Òun máa ra kámẹ́rà náà lónìí, òun á sì gba ibẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òkè Pindos.

"Ó mà dáa o," ni Evanthia wí. Àlùbọ́sà ló ń ge. "Ṣé kí n di wàràkàṣì sínú àpò ẹ?"

Ọdún kẹrin rè é tí Stergios ti ń ro ọ̀rọ̀ náà. Inú dígí ṣọ́ọ̀bù Lazos ni kámẹ́rà ọ̀hún wà, létí òkun ní Tẹsalóníkà. Kò lo fíìmù, kò sì mọ àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ. Stergios, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò, gbà pé kámẹ́rà yẹn nìkan ló yẹ kéèyàn fi ya àwọn darandaran àgbà tó ṣì ń fẹsẹ̀ da àgùntàn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè bí òtútù bá ti ń bọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, darandaran mẹ́sàn-án ló kù. Báyìí, wọ́n ku mẹ́rin.

Ohun tó ń dá a dúró ni àbúrò kámẹ́rà náà, ìyẹn ẹ̀dà rẹ̀ tuntun, èyí tí wọn kò tíì bí. Ẹnì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń pe ara rẹ̀ ní Etí Ilé-Iṣẹ́. Òun ló máa ń tú àṣírí ohun tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà náà ń sè lábẹ́lẹ̀, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn ló sì ń tẹ́tí sí i. Stergios kì í tíì fọ ẹnu kó tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí Etí bá ní àbúrò ń bọ̀ lóṣù Kẹfà, Stergios á dúró de oṣù Kẹfà. Bí oṣù Kẹfà bá kọjá, Etí á ní nǹkan bíńtín ló kù tí wọ́n ń tún ṣe.

Ohun tó wú Stergios lórí jù ni bí èrò àwọn méjèèjì ṣe máa ń bára mu.

"Ọkùnrin yẹn mọṣẹ́," ló wí nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ kan. "Ṣebí Mọ́ńdè ni mo ráhùn fún ẹ pé dígí ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ń wo àwòrán ò ṣeé yí sókè? Nígbà tó fi máa di Wẹ́sìdé, ó ní ti àbúrò á ṣeé yí. Èrò ọlọ́gbọ́n kì í jìnnà síra."

"Kí ni wọ́n máa ń fi dígí yíyí ṣe?" ni Evanthia bi í.

Stergios mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé títí ọbẹ̀ fi dì. Evanthia kò di kámẹ́rà mú rí, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà míì á ní kí Stergios tún ọ̀rọ̀ kan pè, kó sì sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Kò dí i lọ́nà rí. Stergios fúnra rẹ̀ máa ń fi ìyẹn yangàn nílé kọfí. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ó gbé kámẹ́rà aláwọ̀ kan gun òkè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní òun máa lò. Oṣù méje ló lò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ṣègbéyàwó kó tó dé, ajá ilé sì gbó o bí olè. Kò fi fọ́tò kan han ẹnikẹ́ni, ó ní pupa inú aṣọ àwọn darandaran náà ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. "Káàbọ̀" nìkan ni Evanthia sọ.

Ní Sátidé yìí, Evanthia di wàràkàṣì, ó di búrẹ́dì, ó gbé àpò sí ẹnu ọ̀nà. Stergios bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà.

"Ohun kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn," ló wí. "Bátìrì yẹn. Òtútù òkè á pa á kíá."

"Máa lọ jàre, kí àwọn darandaran ẹ má kú tán kí o tó débẹ̀."

Nígbà tí Lazos rí i, ó ju ọwọ́ sókè. "Òjò á rọ̀ lónìí! Stergios wá rajà!"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti pinnu."

"O pinnu nígbà Àjíǹde. O tún pinnu nígbà Kérésì."

"Gbé e wá."

Lazos gbé e fún un. Irin rẹ̀ tutù, ó wúwo lọ́wọ́. Stergios gbé e sójú, ó wo òkun, òkun di eérú.

"Bá mi dì í," ló wí.

Lazos ṣì ń wá páálí rẹ̀ ni fóònù bá dún lápò Stergios.

"Má wò ó," ni Lazos wí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

Ó wò ó. Etí Ilé-Iṣẹ́ ní àbúrò máa jáde níparí oṣù tó ń bọ̀, láìsí àní-àní, òtútù òkè kankan kò sì ní lè pa bátìrì rẹ̀.

Stergios gbé kámẹ́rà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ìwọ náà rò ó wò, Lazos. Oṣù kan péré!"

"Ọjọ́ tí mo bá rí ẹni tó ń jẹ́ Etí yẹn," ni Lazos wí, ó ń dá kámẹ́rà padà sínú dígí, "màá fa etí ẹ̀ já."

Ọ̀sán ti pọ́n kí Stergios tó délé. Àwo méjì ló wà lórí tábìlì, ẹja sì ti jinná. Stergios jẹun, ó sọ ti bátìrì látòkèdélẹ̀, ó ní darandaran mẹ́rin kò lè torí oṣù kan ṣoṣo kú tán. Evanthia mi orí, ó ní ó mà ṣe o. Nígbà tó yá, oorun gbé Stergios lọ lórí àga.

Evanthia palẹ̀ àwo mọ́, ó nu ọwọ́, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó mú fóònù tirẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn tó ń bi Etí Ilé-Iṣẹ́ ní ìbéèrè lóhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé oṣù tó ń bọ̀ dájú.