Ẹni Ìkẹyìn

Aránṣọ náà ń tú etí síkẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ obìnrin, kó lè gùn bo ojúgun gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe bẹ̀ ẹ́, nígbà tí ọmọ sọ fún un pé wọ́n ti pín ipò fún eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, èyí tí wọ́n máa ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn.

"Ipò wo ni wọ́n fún ọ?"

"Ìkẹyìn ni, Màámi."

Ọwọ́ aránṣọ dúró. "Ìkẹyìn kẹ̀? Ìwọ tó o máa ń fi gbogbo wọn sẹ́yìn?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Kóòṣì máa wà ní pápá lọ́la, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i."

Lọ́jọ́ Sátidé, iléèwé ńlá kan ń bọ̀ wá wo eré náà. Wọn yóò mú ẹnì kan, wọn ò sì ní gba owó lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Aránṣọ ti gbààwẹ̀ sí i. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ló ń bọ́ àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe dé ẹ̀gbẹ́ pápá, àwọn ọmọkùnrin tó jókòó sórí ògiri hó yèè sí ọmọ náà.

"Ọkùnrin onísíkẹ́ẹ̀tì ti dé o!"

Aránṣọ pòṣé, ó kọjá. Ìjà tó bá wá tóbi jùyẹn lọ. Ó bá kóòṣì pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yòókù. Kò kí i.

"Kí lọmọ mi fi ṣe yín? Orí ni Ọlọ́run ní kó jẹ́, ẹ̀yin wá sọ ọ́ di ìrù!"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ipò ìkẹyìn yẹn..."

"Mo mọ̀ ọ́n! Àwọn ọmọ olówó ló ń ṣíwájú. Ẹ fi í síwájú, àbí kí n mú un lọ sílé."

"Mi ò lè fi í síwájú. Ẹ gbọ́ mi ná."

"Etí mi ti kún! Ìkà! Ọlọ́run opó ń wò yín."

Kóòṣì kọjú sí ọmọ náà. "Ìwọ náà, sọ̀rọ̀."

Ilẹ̀ lọmọ ń wò. "Ohun tí Màámi bá sọ ni."

"Ẹ ò rí ọmọ tó gbẹ̀kọ́? Ẹ yọ orúkọ rẹ̀. Kò ní sáré fún yín mọ́ láyé."

"Ẹ máa mú un lọ," ni kóòṣì wí. "Ẹnu yín yìí ló máa ba ayé ọmọ náà jẹ́."

Wọ́n ń jáde ní géètì nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà sáré lé wọn bá tẹkúntẹkún, kò tilẹ̀ kí ìyá, ó kọjú sí ọmọ aránṣọ: "Ṣé torí àwọn tó ń pè ọ́ lọ́kùnrin lo ṣe jẹ́ kí ìyá rẹ wá bú kóòṣì, ìwọ tó o kọ́ wa pé ẹni tó bá yára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n máa ń fi sí ìkẹyìn?"