Ọṣẹ Ọ̀ṣuntóyìn

Àárọ̀ ni Kọ́láwọlé ti Ìbàdàn dé Ìlá, ó sì ti pinnu pé kí agogo mẹ́wàá tó lù, òun á ti padà sọ́nà. Ọṣẹ kan ni wọ́n ní kó wá wò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọn yóò ti yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣe é pa. Ẹni tó wá lọ́dún tó kọjá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní idán ni, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀ṣuntóyìn, ọmọbìnrin tó ń ṣe ọṣẹ náà, kúnlẹ̀ kí i. Ó da epo pupa, omi àti ọṣẹ sínú ìgò. Ó tú gáàsì sí i, irú èyí tó ń ru nínú mínírà, ó mì ín, gbogbo rẹ̀ ki bí ògì. Ó gbé e sínú omi gbígbóná, ó fi páǹpù fẹ́ atẹ́gùn sí i. Gáàsì jáde, epo léfòó, omi wà nísàlẹ̀.

"Mo ti rí i," ni Kọ́láwọlé wí. Ó di báàgì rẹ̀ mú.

"Kí lo rí?" Bàbá Dáhùnsí, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ló sọ̀rọ̀ lẹ́bàá fèrèsé. "Idán lásán! Ìwọ ọmọ yìí, tún un ṣe!"

Ọṣẹ kan náà, epo kan náà. Ó tún pò pọ̀, ó tún yà.

"Omi yẹn ti gbóná jù, ọ̀lẹ! Kí ìka lè gbà á ni! Tún un ṣe! Ọ̀dájú, ṣé o rò pé ọ̀dẹ̀ ni gbogbo wa?"

"Ẹ má bínú, sà." Omijé ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá kò tíì panu dé tí ọmọbìnrin náà ti ṣí gáàsì.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ṣe é. Inú bí Kọ́láwọlé gan-an. Irú àgbàyà wo rèé? Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ kì í jágbe mọ́ àgbà.

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá."

"Ta ló bi ọ́? Fọwọ́ sí ìranù yìí, kí ojú tì ọ́ dé Ìbàdàn!"

Kọ́láwọlé fa bírò yọ. Ó fọwọ́ sí ìwé náà, bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já. Ó kí ọmọbìnrin náà kú iṣẹ́, ó sì kọjá níwájú Bàbá láìkí i.

Ó dé ẹnu géètì kó tó rántí fìlà rẹ̀, ó bá padà.

"Dádì, 'ọ̀dájú' yẹn ti pọ̀ jù o," ohùn Ọ̀ṣuntóyìn ń ti inú yàrá ìwádìí bọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, Bàbá Dáhùnsí sì dá a lóhùn pé, "Àlejò tí inú kò bí, ìgbà wo ló máa dúró wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà?"