Ọwọ́ Tí Wọ́n Gé Nínú Fíìmù

Oníṣọ̀nà kan fi ọ̀bẹ la ọwọ́ gígé tó wà lórí tábìlì àgọ́ ọlọ́pàá ní ìlú Kawasaki ní Japan. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Rọ́bà àti wáyà ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ wò ó, ọ̀gá. Èmi ni mo ṣe é. A ò pa ẹnikẹ́ni nínú fíìmù yẹn."

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìgbà kẹta rèé lọ́dún yìí tí wọ́n ń pè é nítorí fíìmù adẹ́rùbani.

Ọlọ́pàá Kuwabara mí kanlẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ kì í ṣe fíìmù ìfẹ́?"

"Ta ló ń gé ọwọ́ nínú fíìmù ìfẹ́?"

Bàbá Hirabayashi tó fẹjọ́ sùn kò rẹ́rìn-ín. Ó nàka sí àpá kan lára rọ́bà náà.

"Ọwọ́ Chizuru ọmọ mi nìyí. Omi tíì ló bó o níbẹ̀ ní kékeré. Ọdún kẹjọ rèé tá a ti ń wá a."

Oníṣọ̀nà náà wo àpá náà pẹ́.

"Bàbá, ọwọ́ èèyàn gidi ni mo fi ń mú àwòṣe. Obìnrin kan ló ki tiẹ̀ bọ inú ẹfun tí mo pò. Ó ní kí n pa àpá yẹn rẹ́. Mo fi í sílẹ̀ kó lè jọ òótọ́."

"Nígbà wo?"

"Oṣù tó kọjá. Bí ẹfun ṣe ń gbẹ, ó ń fi ọwọ́ kejì jẹ núdùùsì. Abọ́ méjì ló jẹ."

Bàbá náà tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan tábìlì. Lẹ́yìn náà ló tọrọ fóònù, ó sì pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Chizuru, gbé àwòrán ọmọ yẹn kúrò lórí pẹpẹ tá a ti ń bọ àwọn òkú wa. Má bu ìrẹsì síwájú rẹ̀ mọ́."