Àga Tó Ṣófo Nínú Ìwé Náà

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ọ́fíìsì ẹbí ìlú wa máa ń rán ọmọbìnrin kan sí mi dípò Àrìnọlá, ọmọ mi tó kú lọ́dún tó kọjá. Orúkọ Àrìnọlá ló ń jẹ́, orí àga rẹ̀ ló sì ń jókòó sí. Lónìí, ó ń ka ìwé ìtàn pẹlẹbẹ kan sí mi létí.

Nínú ìtàn náà, ìlú kan wà tí wọn kì í fi ọmọ mìíràn rọ́pò èyí tó bá kú. Bàbá kan ń pe oríkì ọmọ rẹ̀ láràárọ̀ níwájú àga tó ṣófo.

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, irú ìlú burúkú wo rèé? Wọn ò tiẹ̀ ní ọ́fíìsì kankan?"

"Máa kà á lọ."

Kò kà á. Ó fa fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì yọ. "Oríkì ló kù, Bàbá. Bí ẹ ò bá fún mi ní ti Àrìnọlá lónìí, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé mi lọ. Mi ò sì fẹ́ lọ."

Èmi náà ò fẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìsìnkú ni mi ò ti pe oríkì yẹn.

"Oríkì wo ni ìyá tó bí ọ máa fi ń pè ọ́?"

Ó na fọ́ọ̀mù náà sí mi. "Àyọ̀ká."

Mo kọ Àyọ̀ká sínú fọ́ọ̀mù. Ó wò ó, ó dìde kúrò lórí àga náà, ó sì wá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo kọjú sí àga Àrìnọlá. "Àbẹ̀fẹ́," ni mo pè.

Lẹ́yìn náà ni Àyọ̀ká ṣí ìwé, ó sì ń kà á lọ.