Ìgò Spírítì Tí Kò Ní Spírítì Nínú

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Èmi ni mo bí àwọn méjèèjì tó wà nínú rẹ̀. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀.

1. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pe ẹ̀gbọ́n. Kẹ́místìrì ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ náà. Lọ́jọ́ kan, ìdérí ìgò fínọ́ọ̀lù, kẹ́míkà kan tó máa ń jó ara, fọ́. Tíṣà bá da fínọ́ọ̀lù náà sínú ìgò spírítì tó ti ṣófo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yí orúkọ ara ìgò yẹn padà o."

"Màá ṣe é. Ẹbí kan náà kúkú ni wọ́n, ọ́síjìn òun háídírójìn ló wà nídìí àwọn méjèèjì."

"Ẹ̀yin lẹ kàwé. Ìgbálẹ̀ lèmi kà."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àbúrò tún béèrè. Tíṣà ti gbàgbé, ojú sì tì í láti sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo ti ṣe é."

2. Lọ́jọ́ kẹta, àfọ́kù ìgò kan gé àbúrò lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀fìnkìn ń ṣe é, kò gbóòórùn. Ó fa ìgò tí wọ́n kọ spírítì sí, ó dà á sójú ọgbẹ́. Kò ta á. Ńṣe ni ibẹ̀ kú, tó funfun. Fínọ́ọ̀lù kì í jẹ́ kéèyàn tètè mọ̀ pé ó ń jó òun.

Nílé ìwòsàn, dókítà bi Tíṣà pé, "Kí ló fi sí i?"

"Spírítì ni."

Ó tó wákàtí kan kó tó sọ òótọ́. Ìka méjì ò ká mọ́ títí dòní.

3. "Ẹ ṣáà ní ẹbí kan náà ni wọ́n," àbúrò sọ lórí ibùsùn.

"Èmi gan-an ni mò ń kọ́ wọn pé wọ́n yàtọ̀. Bí háídírójìn bá fi spírítì sílẹ̀, ọ́síjìn nìkan ni yóò dá ru ẹrù iná mànàmáná tó kù, ìdí nìyẹn tó fi ń dì í mú. Ti fínọ́ọ̀lù, òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà wà lẹ́yìn ọ́síjìn tí yóò bá a pín ẹrù náà. Kì í pẹ́ jọ̀wọ́ háídírójìn. Òun ló fi jẹ́ ásíìdì ju spírítì lọ."

Àbúrò wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ká ní ẹ sọ pé ẹ gbàgbé ni, ẹ̀gbọ́n mi, ǹ bá bá yín ru ú."



Tíṣà ló ń di irun ọmọ àbúrò rẹ̀ báyìí. Kò mọ̀ ọ́n dì. Ọmọ náà ò ráhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má da ohunkóhun sínú ìgò tí orúkọ mìíràn wà lára rẹ̀, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá sì gbàgbé, ẹ sọ pé ẹ gbàgbé. Ojú á tì yín díẹ̀, ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ á sì yè.